Ẹ̀tọ́ Àgbẹ̀, Gbèsè Àgbẹ̀

Aáfà tó bá fẹ́ ṣírò sàká oko ní Dogarawa, lójú títì tó ti Zaria lọ sí Kano, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti wá. Ọkà bàbà tàbí àgbàdo tí òjò rọ̀ sí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Èyí tí àgbẹ̀ fi owó àti òógùn ara rẹ̀ bomi rin, ìdá kan nínú ogún. Bí ìkórè kò bá sì tó nǹkan bí 650 kílò, kò sí sàká lórí rẹ̀.

Òfin yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ìjọba kì í sábà kà sí: iye tí ìkórè ná ẹni tó kó o.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bí wọ́n ṣe ń búra fún Ààrẹ Bola Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà tí kò tó 200 náírà ti kọjá 480. Ará ìgboro ronú kan ọkọ̀ wíwọ̀. Àmọ́ fún ẹni tó ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí tòmátò àti àlùbọ́sà, epo gan-an ni omi. Ìrànwọ́ oko ni epo yẹn jẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n pè ní ìrànwọ́ oko kì í sábà dé oko. Nígbà tí Akinwumi Adesina di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011, ó ní àgbẹ̀ 11 péré nínú 100 ni ajílẹ̀ ẹ̀dínwó ń tẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún 2012 ni wọ́n wá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀. Nígbà náà, àgbẹ̀ a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ajílẹ̀, a san ìdajì owó àpò méjì, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ a sì pín ìdajì tó kù san.

Bí àgbẹ̀ bá wá gbé àpò náà tà lọ́jà ńkọ́? Ìdajì rẹ̀ ni tirẹ̀. Àwọn tí kò ní oko ló san ìdajì kejì, kí oúnjẹ lè pọ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ọ ló tà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹni tó ta àpò kan torí àìsàn ọmọ wé ọ̀gá tó darí odindi ọkọ̀ akẹ́rù ajílẹ̀ gba ibòmíràn lọ.

Gbèsè ló le jù. Ètò Anchor Borrowers tó ń yá àgbẹ̀ lówó, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní Kebbi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, gba èlé náírà 9 lórí 100. Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbowó. Ó di 2020 kí Báńkì Àpapọ̀ tó ṣètò èyí tí kò ní èlé. Ó pẹ́ jù. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀pọ̀ tó gbà á kò dá a padà, wọ́n ní owó ìjọba ni, ìpín àwọn ló dé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé Ànábì kọ̀ láti kírun sí òkú ajigbèsè lára títí sàhábé rẹ̀ Abu Qatada fi gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀.

Wàyí o, àgbẹ̀ kan kó àpò àgbàdo méje, ọlọ́gọ́rùn-ún kílò, ó sì jẹ gbèsè ajílẹ̀ tó tó àpò mẹ́rin. Ṣé yóò yọ sàká? Nínú ìlànà Máálíkì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Òkè Ọya, gbèsè kì í dí sàká oko lọ́wọ́. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ sàhábé Ànábì, Ibn Umar, pé kí ó kọ́kọ́ san gbèsè ná, onímọ̀ ẹ̀sìn Yusuf al-Qaradawi sì fara mọ́ yíyọ gbèsè àti ìnáwó kúrò. Ọ̀nà kejì yìí ló tọ́ sí àgbẹ̀ tí àpò mẹ́ta péré, tí kò tó ìwọ̀n sàká, yóò ṣẹ́ kù fún ilé rẹ̀ títí di ìkórè mìíràn, níwọ̀n ìgbà tó bá san gbèsè náà lóòótọ́.