Ọ̀rọ̀ Ha Lè Kú Bí?

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nnì, "again", èyítí a ntúmọ̀ sí "tún" tàbí "padà". Li àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi í ṣíwájú ọ̀rọ̀ mìíràn láti dá ọ̀rọ̀ titun. Li ọdún 1340 mọ́ńkì kan ní Canterbury, Dan Michel, parí ìwé kan tí ó túmọ̀ láti inú èdè Faransé, ó sì pè é ní "Ayenbite of Inwyt". "Ayen" yi ni "again". "Bite" ni kí a gé ènìà jẹ. "Inwyt" sì ni ìmọ̀ tí mbẹ nínú ẹni. Ohun tí ó fẹ́ wí ni pé ẹ̀rí-ọkàn a máa padà gé ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ lẹ́hìn tí ó ti dẹ́ṣẹ̀ tán. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kannáà àwọn ọmọ-ẹ̀hìn John Wycliffe túmọ̀ Bíbélì. Li ọ̀dọ̀ wọn, àjíǹde ni "againrising", Olùràpadà sì ni "againbuyer", bí a bá fi ìkọ̀wé òde òní kọ wọ́n.

Gbogbo wọn li ó ti kú. "Gainsay" nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ìdílé nã, èyítí í ṣe láti takò. Ó wà nínú Bíbélì ti 1611, ṣùgbọ́n ta ni nsọ ọ́ li ọjà?

Ọ̀rọ̀ Látìnì ni ó gba ipò wọn: "remorse", "resurrection", "redeemer". Ohun ìyanu ni pé "re" ti àwọn ará Látìnì kò jẹ́ nkankan bíkòṣe "padà" nã. Àlejò nsọ gẹ́lẹ́ ohun tí onílé ti sọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Látìnì kò lè rí inú rẹ̀. Ó ha tọ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn kan wípé ohun mímọ́ yẹ kí ó ní èdè tirẹ̀, tí ó jìnnà sí ti ojojúmọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbàtí Bíbélì Yorùbá pé li ọdún 1884, lẹ́hìn làálàá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, "Olùràpadà" ni a bá nínú rẹ̀: rà, padà. "Againbuyer" gan-an nìyí, tí ó kú li òkè-òkun tí ó sì wà lãyè li ọ̀dọ̀ wa. (Bí Dan Michel ìbá ti gbọ́ "àbámọ̀" wa, a rò pé inú rẹ̀ ìbá dùn.)

Síbẹ̀ ẹ̀rù mbà wá díẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ka Bíbélì nã mọ ogun. Crowther tikararẹ̀ ni a kó lẹ́rú ní Òṣogùn li ọdún 1821. Ẹbí a máa ru owó ẹyọ lọ ra ènìà wọn padà. Nítorínã ẹni tí ó gbọ́ "Olùràpadà" nígbà nã rí okùn tí a tú lọ́rùn ọwọ́. Àwọn ọmọ tí a nkọ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ nã ṣí sílẹ̀ gbangba níwájú wọn, nwọn sì nkà á kọjá kíákíá bí ẹnipé Látìnì ni. Ọ̀rọ̀ lè wà li ẹnu kí ó sì ti kú nínú.

Nítorínã, nígbàtí ẹ̀kọ́ bá kàn án, a máa dá wọn dúró, a sì bi wọ́n pé: tani a tà, tani ó tà á, èló sì ni a san?