Irúgbìn Àtijọ́: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ru Ẹrù Rẹ̀?

Nínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wa ni a ń jẹ àǹfààní oríṣiríṣi irúgbìn tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó jẹ́ àgbẹ̀ kékeré, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ni yóò máa dá ru ẹrù ìtọ́jú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí a bá pe iṣu, orúkọ kan ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdílé ńlá ni nínú oko. Iṣu funfun wà fún iyán, ewùrà wà fún ìkọ́kọrẹ́, ìgángán wà, èsúrú náà sì wà. Nínú ẹ̀wà, olóyin wà, sèsé wà, òtílí wà. Nínú ẹ̀fọ́, a ní tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin àti ọ̀dú. Àgbẹ̀ kò kó wọn jọ fún ẹ̀ṣọ́. Ọ̀kan a máa yára ta, òun ni ó ń gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ebi kí àwọn yòókù tó gbó. Òmíràn lè fara da òjò tí ó pẹ́ kí ó tó rọ̀. Òmíràn a máa pẹ́ nínú àká láìbàjẹ́. Òmíràn sì ni ìyá ń já lẹ́bàá ilé, tí ó fi ń ra iyọ̀ àti ìwé ọmọ. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ohun kan náà ni ó mú kí àgbẹ̀ máa gbin oríṣiríṣi. Àwa òṣìṣẹ́ ní owó oṣù, a sì ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a lè sá tọ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Irúgbìn oríṣiríṣi ni àjọ tí àgbẹ̀ ń dá: bí ọ̀kan bá yẹ̀ lọ́dún yìí, òmíràn yóò san án.

Ṣùgbọ́n ọjà kò fẹ́ oríṣiríṣi. Ọjà fẹ́ èyí tí ó tóbi, tí ó dọ́gba, tí ọkọ̀ lè kó lẹ́ẹ̀kan. Àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àgbáyé, èyí tí a mọ̀ sí FAO, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2019. Wọ́n ní ohun ọ̀gbìn tí ọmọ ènìyàn ń gbìn fún jíjẹ tó nǹkan bí 6,000, síbẹ̀ mẹ́sàn-án péré nínú wọn ni ó kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìkórè ayé. Nínú àwọn mẹ́sàn-án náà pàápàá, irú díẹ̀ ni ọjà ń béèrè. Èyí tí ọjà kò bá béèrè, àgbẹ̀ a dín in kù, ọmọ rẹ̀ a gbàgbé orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó wà rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń dá àgbẹ̀ lẹ́bi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí. Wọ́n á ní ó ti ta ogún baba rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí pákí àgíríìkì bá so ju ti ìbílẹ̀ lọ, tí owó ilé ìwé ọmọ sì ń dúró, kí ni kí ó ṣe? Ta ni àwa tí a ti fi ọkọ́ sílẹ̀ láti ìgbà èwe, tí a ń ra gàárì ní ọjà Igbudu, tí a ó wá dìde sọ fún un pé kí ó máa gbin èyí tí kò mówó wá nítorí àṣà? Irúgbìn tuntun ti ṣe ilẹ̀ wa lóore púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi dù àgbẹ̀.

Síbẹ̀, irúgbìn tuntun kì í já láti ojú ọ̀run. Inú ti àtijọ́ ni a ti ń yọ ọ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí láti orí ẹ̀gẹ́. Àrùn kan wà tí ó ń lọ́ ewé ẹ̀gẹ́ mọ́ra, tí ó sì ń fi àbàwọ́n ìyeyè sí i. Mosaic ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni irú rẹ̀ kan tí ó le ti ń jà ní Uganda, débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa oko ẹ̀gẹ́ tì. Ní àwọn ọdún 1980 kan náà, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, kó àwọn ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ jọ láti oko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí agbára ńlá kan tí ń dènà àrùn náà nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ń pè ní Ọkọ-Ìyàwó wà lára àwọn ti ìbílẹ̀ tí kì í tètè ṣubú fún mosaic. Ẹ̀gẹ́ mìíràn tún wà tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí 419, tí orúkọ rẹ̀ máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kò sí jìbìtì kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Togo ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ní Nàìjíríà ni ó sì wà lónìí. Àgbẹ̀ Togo ni ó tọ́jú rẹ̀, àwa ni a ń jẹ gàárì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Láti ọdún 2004 ni a ti tún ń rí àrùn mìíràn tí ń tàn ká ní Uganda, èyí tí ó ń mú kí inú gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ rà, kí ó sì pọ́n rúsúrúsú. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan tí mosaic kò rí ṣe, èyí rí wọn ṣe. Igi kan kò dá igbó ṣe. Àfi kí a tún padà sínú oríṣiríṣi tí ó wà nílẹ̀ láti wá èyí tí yóò dúró.

Ẹ wo ọ̀pẹ náà, tí ó sún mọ́ wa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbàgbọ́ pé àwọn ará Malaysia wá gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ wa lẹ́yìn òmìnira, tí wọ́n sì fi di olówó. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1848 ni wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin láti ilẹ̀ Áfíríkà sí Bogor ní Indonesia. Láti ara mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ọ̀pẹ ńláńlá ìhà ọ̀hún ti ṣẹ̀. Lónìí, Indonesia àti Malaysia ni ó ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo pupa ayé. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ti ara mẹ́rin jáde kéré jù fún ẹni tí ó fẹ́ tún irú ọ̀pẹ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ Malaysia wá sí Nàìjíríà. Àwọn àti NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ wa tí ó wà nítòsí Benin, jọ kó èso jọ láti orí ọ̀pẹ ìgbẹ́ àti ọ̀pẹ abúlé káàkiri. Wọ́n gbà á pẹ̀lú àṣẹ, èmi kò pè é ní olè. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: àwọn ará abúlé tí kò gé ọ̀pẹ wọ̀nyẹn lulẹ̀ láti ìran dé ìran, kí ni ó kàn wọ́n nínú ọrọ̀ tí ó tẹ̀ lé e?

Ìbéèrè yìí túbọ̀ wúlò nísinsìnyí. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà ní òfin tí ó fún ẹni tí ó bá mú irúgbìn tuntun jáde ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Òfin náà ní ìdí, nítorí iṣẹ́ ìwádìí ń gba ọdún àti owó. Ṣùgbọ́n bí ó bá tọ́ kí a sanwó fún ẹni tí ó bí ọmọ, ẹni tí ó tọ́jú ìyá ọmọ ńkọ́?

Ẹlòmíràn lè ní a ti ní ilé ìpamọ́ irúgbìn, kí àgbẹ̀ sinmi. Lóòótọ́, ilé ìpamọ́ wà, ó sì dára. IITA ní irú ẹ̀wà tí ó ju 15,000 lọ ní ìpamọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, láti ọdún 1987. Ní ọdún 2008 ni wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ ti Svalbard ní ilẹ̀ Norway, nínú òkè oní-yìnyín, IITA sì kó irúgbìn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ó wà nínú òtútù kò mọ̀ bí òjò ṣe yí padà níta. Èyí tí ó wà lóko ni ó ń bá ojú ọjọ́ àti kòkòrò jìjàkadì lọ́dọọdún, tí àgbẹ̀ sì ń ṣa èyí tí ó borí. Ọ̀nà méjèèjì ni a nílò, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹlòmíràn lè ní, ‘Àgbẹ̀ kò ṣe é nítorí wa, ikùn ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.’ Òótọ́ ni. Ikùn ara rẹ̀ ni káfíńtà náà ń ṣiṣẹ́ fún, síbẹ̀ a kì í torí èyí gbé àga rẹ̀ lọ láìsanwó. Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kò sì ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè ṣe ilé ìpamọ́, ó lè rán olùkọ́ni sí àgbẹ̀ lóko, ó lè ṣe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá wa jẹun. Ohun tí ènìyàn bá ń jẹ ni àgbẹ̀ ń gbìn.

A ní ẹ̀rí rẹ̀ ní Warri níbí. Àwọn tí ó mọ ọbẹ̀ banga sè mọ̀ pé ẹyìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí ti àgíríìkì máa ń lépo jù. Ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ìyá Ùròbò àti Ìṣẹ̀kírì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pẹ àtijọ́ parun. Ní ilé náà, ẹ wo ìrẹsì ọ̀fàdà. Ìgbà kan wà tí a ń fojú oúnjẹ oko wò ó. Nígbà tí àwọn ará ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí i fi í ṣe àlejò níbi ìnáwó, ó di ohun tí a ń fi owó gidi rà. Kò sí ẹni tí ó wàásù fún àgbẹ̀. Owó ni ó bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó ń jẹ ni ó yẹ kí ó bá ẹni tí ó ń gbìn ru ẹrù náà, bí agbára oníkálukú bá ti tó. N kò bá ẹni tí ó ń fi kọ́ọ̀bù wọn gàárì wí. Kí òun rí èyí tí ó pọ̀ jẹ ni a ń gbàdúrà fún. Àwa tí a lè pa màlúù fún òkú àti fún ìwúyè ni mò ń bá wí. Bí a bá ń se iṣu àti ìrẹsì fún ìnáwó, kí ni ó dé tí a kò lè dìídì ra ewùrà, òtílí àti ẹ̀fọ́ yánrin lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilé wa, ní iye tí yóò mú kí ó tún gbìn ín lọ́dún tí ń bọ̀?

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ilẹ̀ ìdílé ní Èkìtì, ní Àkókó, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ìgbómìnà, tí àgbẹ̀ ẹlòmíràn ń dáko sí. A ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwa kan kò fún un ju ọdún kan lọ, a sì kà á léèwọ̀ fún un láti gbin igi. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wà lẹ́ẹ̀rùn, irúgbìn wo ni yóò tọ́jú? Ohun tí yóò yá a lówó nìkan ni yóò gbìn. Bí a bá fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìwé àti ẹlẹ́rìí, tí a sì ní kí ó fi irúgbìn ìbílẹ̀ díẹ̀ dí lára ìṣákọ́lẹ̀, a ti ṣe ju ẹni tí ó kọ ìwé ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ rántí pé láti ayé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn Ùròbò ti ń lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti gun ọ̀pẹ àti láti ṣe epo. Bí àwa náà ṣe ń retí kí onílẹ̀ níhìn-ín ṣe wá dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ tiwa.

Ẹgbẹ́ wa náà lè ṣe díẹ̀. Nígbà tí a bá ń bọ̀ láti ilé lẹ́yìn ọdún, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú irúgbìn kan wá, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n san fún ẹni tí ó gbìn ín. Orúkọ láìsí owó, ìyìn lásán ni. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí irúgbìn tán nínú àká wa. Kí ó má sì jẹ́ kí ebi pa ẹni tí ó ń fún wa lóúnjẹ. Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀yìn ọdún á dára.