Ta Ni Yóò Sanwó Ìrọ̀rùn Wa?

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ àtikúrò l'Ékòó ti di ohun tí wọ́n ń sọ nínú dánfó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsìnkú pàápàá. Ọkọ̀ wíwọ̀ gbówó lórí. Lánlọ́ọ̀dù ń gba owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọmíṣọ́ọ̀nù lórí yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀. Ọ̀pọ̀ ti ṣí lọ sí Mowé àti Ìbàfò. Àwọn mìíràn ń wo Abẹ́òkúta, nítorí láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ti ń dúró níbẹ̀, ní Ládérìn, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Owó tí wọ́n fi ń há mọ́ yàrá kan l'Ékòó, wọ́n ní yóò gba fúláàtì tó fẹ̀ dáadáa níbẹ̀.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó ń ṣe ìṣirò yìí sábà máa ń ka ara rẹ̀ nìkan mọ́ ọn. Á ní, "Ṣé yóò rọ̀ mí lọ́rùn?" Ó dára kó béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan: ìrọ̀rùn yẹn, inú àpò ta ni owó rẹ̀ yóò ti jáde? Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ dáhùn èyí kó tó pe ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká mú baálé ilé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà l'Ékòó. Ó kó aya àtọmọ lọ sí Abẹ́òkúta, òun alára ń lọ, ó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tirẹ̀, kì í dúró de ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ṣì dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó bá já a sílẹ̀, ó di ọ̀nà Sángo Ọ̀tà, ẹni tó bá sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ l'Ékòó láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ọ̀gbẹ́ni á wá di àlejò òpin ọ̀sẹ̀ nínú ilé tó ní òun gbà nítorí ìdílé. Ibà tó bá gbé ọmọ lóru, ìyá ọmọ ni. Ìpàdé òbí ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ omi tó dẹnu kọlẹ̀, ìyá ọmọ náà ni.

Ìyá ọmọ yìí sì ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ra ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń san án lóṣooṣù, ó ní àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ju orúkọ lọ. Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó oníbàárà. Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé kí ìyàwó òun kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta àdìrẹ n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta, àfi bí ẹni pé àwọn ìyá tó jogún iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ìyá wọn ti gbẹ́nu sókè, tí wọ́n ń retí àlejò.

Ti àjọ tún wà níbẹ̀, òun ni mo sì kà sí ibi tí ìwà èèyàn ti ń hàn jù. Kò sí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ọ̀pọ̀ àjọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ojú tí wọ́n jọ ń rí ni ẹ̀rí. Ẹni tó ti kó àjọ tirẹ̀ tán, tó wá palẹ̀ ẹrù mọ́ láì tíì dá iye tó kù, òun àti olè ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Kò sì sí àwáwí, nítorí owó ò nílò láti wọkọ̀ mọ́. Fóònù ń fi ránṣẹ́ kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan. Kí alájọ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń lọ pé ó ń lọ, kó má jẹ́ ẹnu aládùúgbò ni yóò ti gbọ́. Bákan náà ni ti lánlọ́ọ̀dù. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ lórí ilé tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún, bí wọn ò bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Àwa ayálégbé máa ń rántí òfin yìí dáadáa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé wa.

Ìlú tí à ń lọ wá ńkọ́? Àwọn tó sá àsálà ogun ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Àwọn Òwu bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn Sàró náà sì ti Sierra Leone dé. Ìlú tó mọ àlejò í gbà ni. Ṣùgbọ́n àlejò ìgbà yẹn bá ilẹ̀ tí kò tíì kún. Ẹni tó ń fi owó Èkó dé lónìí, orí èèyàn ló ń bọ́ sí. Ajẹ́ńtì dá iye lé ilé, ó ya àlejò tuntun yìí lẹ́nu bó ṣe dínwó, àlejò sì san án lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iye yẹn ni lánlọ́ọ̀dù yóò mú lọ bá tíṣà tó ń gbé fúláàtì kejì. Nítorí náà, kí àlejò nájà, bí ó tilẹ̀ lágbára àtisan án. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹni tí ariwo jẹnẹrétọ̀ sì lé kúrò l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, kó má gbé tirẹ̀ dé sẹ́yìn fèrèsé ẹlòmíràn.

Bí aya bá wá ní òun ò lọ ńkọ́? Àwọn kan á ní baálé ló ni àṣẹ. Lójú tèmi, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bàjẹ́ nínú ìrìn àjò náà kọ́ ló yẹ kí ohùn rẹ̀ ròkè jù lórí rẹ̀. Kí baálé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gba yàrá kan l'Abẹ́òkúta, kó máa ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ kó tó pé, kò sí ọmọ tó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó tì.