Ṣé Ẹlẹ́tanú Ni Ẹni Tí Kò Gba Ti Ẹlẹ́tanú?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi dá sí lóṣù yìí. Bí ẹnì kan bá kórìíra ọmọnìkejì rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀, ẹlẹ́tanú là ń pè é. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èmi náà bá dìde, tí mo ní n kò ní gba ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé èmi náà kò ti di ẹlẹ́tanú? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Àwọn mìíràn ní ó tì, wọ́n ní ẹni tó ń lé olè kì í ṣe olè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń sáré.

Fún àwa tí à ń gbé Àgọ́sásà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá la wà, lẹ́bàá ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pín ilẹ̀ wa lọ́dún 1889. Ànàgó ni wá, Ẹ̀gùn ń bẹ láàrin wa, ọ̀pọ̀ wa sì ní ẹbí ní ìhà Bẹ̀nẹ̀. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ẹ ó bá ẹni tó ń kírun, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń bọ òrìṣà ìdílé. Bí a kò bá gba ara wa láyè, oúnjẹ alẹ́ pàápàá yóò di ìjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Orò, èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ lágbègbè wa. Pé obìnrin kò gbọdọ̀ rí Orò, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni kónílé-ó-gbélé lọ́sàn-án gangan. Ìyá alátà kò lè nájà. Ẹni tó fẹ́ lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kò lè jáde. Bí aboyún bá ń rọbí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwọn Mùsùlùmí Ìpókíá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn dá a pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sé àwọn èèyàn mọ́lé lọ́sàn-án, kí àwọn olórò máa ṣe tiwọn láàrin aago méjìlá òru sí aago mẹ́rin.

Bàbá olórò kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ló ń pariwo pé ká gba ara wa láyè. Ṣé àyè tiwa kọ́ ni kóòtù gbà yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kóòtù kò gba igbó Orò lọ́wọ́ yín, kò sì ní kí ẹ fi ẹ̀sìn yín sílẹ̀. Ọ̀sán ìyá alátà nìkan ló dá padà fún un."

Bàbá mi orí, wọ́n ní àwọn á rò ó wò.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn ní abala 38, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà ní abala 41. Olórò ló ni méjèèjì, ìyá alátà náà ló ni méjèèjì.

Níbí ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ kí a máa lò. Bi ara rẹ léèrè pé: bí ẹni yìí bá jáwọ́ lónìí nínú ohun tó ń fi ni ọmọnìkejì rẹ̀ lára, ṣé ìjà mi pẹ̀lú rẹ̀ yóò parí? Bí yóò bá parí, ìwà lò ń bá jà, ẹ̀tanú kọ́. Bí kò bá ní parí, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ lo ti kórìíra tipẹ́, o kàn fi ìwà rẹ̀ bojú ni. Ẹni tó ní kí ọ̀sán di ti gbogbo ayé kò ṣẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀sán tán, tó tún ń wá ìṣáná tí yóò fi sun igbó Orò, ẹlẹ́tanú pọ́ńbélé ni.

Òṣùwọ̀n yìí kì í wojú ẹlẹ́sìn. Ní Ìlọrin lọ́dún 2023, àwọn kan kìlọ̀ fún ìyálórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe nínú ìlú náà. Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́mìà Ìlọrin lórí rẹ̀. Ẹni tí inú bá bí sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹ̀tanú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sórí pé "gbogbo Mùsùlùmí bákan náà ni wọ́n rí" ti di ẹlẹ́tanú kó tó parí gbólóhùn rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: nígbà tí a bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lé gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ lórí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò. Àwọn ọmọ Yorùbá oníṣòwò, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ sá wálé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó ru báàgì gba ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀san ló dé. Ẹ̀san wo? Busia ti kú láti ọdún 1978. Kápẹ́ńtà àti tíṣà tí a lé lọ yẹn kọ́ ló ṣe òfin 1969. Ẹni tó ṣẹ̀ wá kọ́ la gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú fi sùúrù gba gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó fẹ́ tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Rárá o. Lọ́dún 1933, ọ̀nà òfin ni Hitler gbà di olórí ìjọba Jámánì. Kò tó oṣù mẹ́fà tó fi fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù. Karl Popper, ọmọ ilẹ̀ Austria tó fi Vienna sílẹ̀ lọ́dún 1937, kọ ọ́ sínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1945 pé bí a bá fi àyè sílẹ̀ láìní ààlà fún àwọn tí kò fẹ́ gba ẹnikẹ́ni láyè, àyè náà yóò parẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ṣì ká wọn, kò bọ́gbọ́n mu láti fi agbára pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀, tó ń fi kùmọ̀ dáhùn, òun ni òfin ń dá dúró.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ẹlẹ́tanú dẹ́rù bà yín nígbà tí ẹ bá ń gba ẹni tí wọ́n ń ni lára sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ ń bá jà, kó lè rí ibi gbà wọlé padà lọ́jọ́ tó bá jáwọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à sì fi tòsì fà á mọ́ra.