Ọ̀dà Tó Gba Èémí Lọ́wọ́ Ọ̀gá Pẹ́ńtà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ọ̀gá pẹ́ńtà ni, ní Ìbàdàn, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Àràròmí ní Agodi Gate níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. "Ẹ kọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀. Etí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ kó dé."

Fọ́síwágìn Ìjàpá kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, ibẹ̀ sì ni Ìjàpá yìí ti jáde kí tíṣà kan tó rà á. Nígbà tí tíṣà kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jogún ọkọ̀ náà, kò sì fẹ́ kó jẹrà sẹ́yìn ilé. Ó ní kí àwọn pánẹ́lì-bítà gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n fẹ fẹ́ńdà ẹ̀yìn kí táyà ńlá lè wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣe é, ó dára. Ó wá ku ọ̀dà. Pupa ló fẹ́, kì í sì í ṣe pupa lásán: pupa tí oòrùn yóò wọ inú rẹ̀ lọ.

Irú pupa bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ọ̀dà fàdákà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọ́n sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà pupa tó mọ́ gaara bí omi zóbò, lẹ́yìn náà kìlíà tó ń dán. Nídìí pupa àárín yẹn ni wàhálà wà. Bí gọ́ọ̀nù, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, bá ṣe ń kọjá lórí rẹ̀ ni àwọ̀ ń ṣókùnkùn sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ọwọ́ bá ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì yóò hàn sí gbogbo ayé.

Àsìkò tí iṣẹ́ yìí wọlé gan-an ni àbúrò ọ̀gá tó wà ní London fi páálí kan ránṣẹ́. Gọ́ọ̀nù tuntun ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní HVLP, pẹ̀lú agolo kìlíà àti hádínà tirẹ̀. Gọ́ọ̀nù tí ọ̀gá fi kọ́ṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni ife rẹ̀ wà, agbára afẹ́fẹ́ ló fi ń fa ọ̀dà sókè, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri àti irun orí àwọn ọmọṣẹ́ kì í sì í kéré. Ti tuntun yìí, orí ni ife rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń jẹ, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ju 10 psi lọ, kí ìdá 65 nínú 100 ọ̀dà, ó kéré tán, lè dúró lára ọkọ̀. Nǹkan rere ni, n kò bá irinṣẹ́ náà jà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀, bí íńṣì 6 sí 8, níbi tí ti àtijọ́ ti ń fẹ́ 8 sí 10. Íńṣì méjì péré ni ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n apá tó ti mọ ti àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í tètè gbàgbé.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí irinṣẹ́ yìí ti wá. Dókítà ọ̀fun kan ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Allen DeVilbiss, ló ṣe ẹ̀rọ kékeré kan láti máa fọ́n oògùn sí ọ̀fun àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ló wá mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọnú iṣẹ́ ọ̀dà ní 1907. Nítorí àtiwo ọ̀fun sàn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Mi ò lè rántí èyí kí inú mi má bàjẹ́ nígbà tí mo bá ro ti ọ̀gá yìí.

Ilẹ̀kùn Peugeot 504 kan tó ti dógùn-ún wà lára ògiri ìsọ̀ náà. Ọmọṣẹ́ àgbà tọ́ka sí i. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ́n ọn sára ilẹ̀kùn yìí wò." Ọ̀gá dá a lóhùn pé òun kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Lóòótọ́, àkókò ń lé wọn: ọlọ́kọ̀ ti ní Sátidé ni òun máa fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Fàdákà lọ geere. Nígbà tó kan pupa, ọ̀gá dúró síbi tó máa ń dúró sí, ọ̀dà sì ti ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ kó tó kan ara ọkọ̀. Ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀. Ó dín eré ọwọ́ kù kó lè tún un ṣe, ni ọ̀dà bá gbára jọ, ó ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ń lò, irú ti fọganáísà ni, táǹkì rẹ̀ kékeré; ọwọ́ kò tíì dé ìdajì bónẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ fi rọ̀, tí gọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọ̀dà dà sílẹ̀ dípò kó máa fọ́n ọn. Àsìkò òjò sì ni. Omi tó ti gbára jọ sínú táǹkì bá afẹ́fẹ́ jáde, ó sọ orí òrùlé di ojú kóòtó-kóòtó, èyí tí ìka máa ń mọ̀ kí ojú tó rí i. Nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, ilà dúdú-dúdú ló na ilẹ̀kùn òsì já láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ìyẹn ò tíì burú. Sáńdípépà lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rò pé kìlíà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́, ó fi tapólì yí ìsọ̀ ká kí eruku má bàa wọlé, ó po kìlíà mọ́ hádínà, ó fi áńkáṣífù di imú. Ọmọṣẹ́ náà gbé iná dání fún un. Ìkùukùu gọ́ọ̀nù yìí kò pọ̀ tó ti àtijọ́, kò sì rùn tó tínà, ìyẹn ló tàn wọ́n jẹ. Bí ọ̀gá bá fọ́n apá kan tán, á fa áńkáṣífù sílẹ̀, á fojú sún mọ́ iṣẹ́, á wò ó dáadáa, á tún fà á padà.

Lóru, ìyàwó rẹ̀ jí, ó bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì, ó ń wá èémí. Ó ní òtútù ni. Wọ́n fi róòbù pa á láyà, wọ́n fún un ní àgbo, ó rọlẹ̀. Nígbà tó tún po kìlíà fún ọkọ̀ mìíràn, ó tún ṣẹlẹ̀, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó bi í pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Dókítà yìí ló là á yé wọn. Nínú hádínà ni ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà; òun ló ń mú kí kìlíà le kankan. Ìkùukùu rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kì í rí púpọ̀ nínú rẹ̀, imú kì í sì í ṣèkìlọ̀. Aṣọ kò lè dá a dúró. Ẹlòmíràn lè máa fà á símú fún ọdún pípẹ́, kí ara rẹ̀ wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìwọ̀nba bín-ín-tín ti tó láti dá àsímà sílẹ̀. Ó sì sábà máa ń dúró di òru kó tó jà, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń pè é ní òtútù. Ní Bìrìtìkó, HSE, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ààbò níbi iṣẹ́, sọ pé ewu àsímà fún àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà ọkọ̀ tó ìlọ́po 80 ti òṣìṣẹ́ mìíràn. Ara ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún wọn jù ni pé kí wọ́n má ṣe ṣí ìbòjú láti yẹ iṣẹ́ wò kí ìkùukùu tó lọ tán. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn.

Àwọn kan ní ìgbéraga ló pa á lára. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá ń dán irinṣẹ́ tuntun wò, ẹwà iṣẹ́ nìkan là ń wò. A kì í bèèrè ohun tó máa ṣe ẹni tó dì í mú. Ìwé kan wà nínú páálí yẹn, àwòrán wà lára rẹ̀: ọkùnrin kan tó wọ ìbòjú tó bo gbogbo ojú, tí rọ́bà ń gbé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ wọ inú rẹ̀ láti ìta. Kò sẹ́ni tó ṣí i. Ká ní wọ́n fọ́n ọ̀dà sára ilẹ̀kùn 504 yẹn, wọn ì bá ti mọ ti ìdúró, ti afẹ́fẹ́ tó ń rọ̀, ti omi inú táǹkì, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ilẹ̀kùn nìkan kò lè gba ẹ̀dọ̀fóró ẹni là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ débi pé ó fọ́n ọn sára àlòkù wò, á fara balẹ̀ ka ìwé.

Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ tíṣà fi gbé ìyàwó. Pẹ́ńtà mìíràn ló ha Ìjàpá náà dé irin, tó tún un kùn. Ọ̀gá kì í wọ ìsọ̀ mọ́. Gíláàsì àti rọ́bà fèrèsé ló ń tà báyìí. Bí wọ́n bá ṣí agolo hádínà nítòsí, àyà rẹ̀ á ti fún kí imú rẹ̀ tó gbọ́ òórùn kankan. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ, gọ́ọ̀nù kan náà ló ń lò, ó sì ti ra ìbòjú elérọ́bà. Lọ́dọọdún ló ń lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè wọn bí èémí rẹ̀ ṣe lágbára tó, nítorí inú tapólì kan náà lòun náà wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó gbé iná dání, tí kò fi nǹkan kan di imú.