Omi Sàráà àti Ẹrù Ẹni Tí Ó Gbẹ́ Kànga

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí Ó fi omi ṣe ìṣẹ̀mí fún gbogbo ohun abẹ̀mí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Allāhu, a gba ara wa àti ẹ̀yin ní ìmọ̀ràn ìpáyà Allāhu.

Sàráà tí àwa Mùsùlùmí fẹ́ràn tó omi kò pọ̀. Uthman ọmọ Affan (kí Allāhu yọ́nú sí i) ra kànga Rūmah ní Mẹ̀dínà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ó sì fi í ṣe sàráà fún àwọn Mùsùlùmí. Ìbéèrè wa lónìí ni èyí: bí omi sàráà bá ń pa ẹni tí ń mu ún lára, ta ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀?

Kì í ṣe àlọ́. Ní Bangladesh, omi adágún àti odò ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ń mu tẹ́lẹ̀, onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń kó àwọn ọmọdé lọ. Láti àwọn ọdún 1970, ìjọba àti àjọ UNICEF tan kànga ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà káàkiri. Nígbà tí ó yá, àwọn ìdílé ń fi owó ara wọn gbẹ́ ẹ. Omi náà mọ́ lóló. Ṣùgbọ́n áséníìkì, májèlé inú erùpẹ̀ tí odò ti gbé wá láti òkè Himalaya, ti ń yọ́ sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i nínú kànga níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó máa ń gbà kí àmì tó hàn: àmì dúdú lára, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó le gbagidi, lẹ́yìn náà jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀. Ìṣirò tí ó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2000 fi àwọn tí ewu náà lè kàn sí àárín mílíọ̀nù 35 sí 77.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀kọ́ wa nìyí. Àmì mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ fíkíù kọ́ wa láti fi mọ omi tí ó ti yí padà: àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn. Áséníìkì inú kànga kò yí ọ̀kankan padà. Àlùwàlá tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe dúró. A kò sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjọsìn ni àmì wọ̀nyí wà fún, wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé omi kò lè pani. Kódà sísè kò ràn án: omi a gbẹ, májèlé a ṣẹ́ kù sínú ìkòkò.

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ láti Ìlú Ọba yẹ omi àwọn kànga kan níbẹ̀ wò. Wọ́n wá oríṣiríṣi èròjà. Wọn kò wá áséníìkì. Ará abúlé kan tí omi ti pa lára pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2006, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ náà nù, nítorí pé ìṣàkóso omi tí ó mu kò sí lọ́wọ́ wọn.

A kò ní bá adájọ́ jà lórí òfin wọn. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga ni ó jẹ wá lógún. Àwọn kan yóò sọ pé àníyàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́, ó parí. Òtítọ́ ni; láádá ẹni tí kò mọ̀ kò níí sọnù lọ́dọ̀ Allāhu. Ṣùgbọ́n àníyàn ọjọ́ tí a ṣí kànga kì í dáhùn fún ọjọ́ tí a gbọ́ pé omi rẹ̀ léwu. Láti ìgbà tí a ti gbọ́, dídákẹ́ ti di iṣẹ́ tuntun, ó sì ní àníyàn tirẹ̀. Sàráà járíyà ni a ń pè é, nítorí pé láádá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró; báwo ni ojúṣe rẹ̀ yóò ṣe wá dáwọ́ dúró?

Ṣé kí wọ́n padà sí omi odò ni? Rárá. Wọ́n yẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún kànga wò, wọ́n sì kun èyí tí ó léwu ní ọ̀dà pupa, èyí tí ó dára ní àwọ̀ ewé. Ẹ rò ó wò: bí kànga olówó bá gba pupa, tí ti tálákà gba àwọ̀ ewé, olówó ni yóò gbé korobá lọ bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Àwa náà ń gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá, sí ẹ̀yìn ilé epo, sí ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí. Kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn mọ́sálásí wa yìí, a ṣàdúà sí i, a pa màálù, a kọ orúkọ sára táǹkì rẹ̀. A kò gbé ìgò omi kan lọ fún àyẹ̀wò. Àwa ìgbìmọ̀ ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí ó náwó. A ó gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí, in shā Allāh. Bí èsì bá dé, ìbáà dùn, ìbáà korò, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Allāhu fún àwa àti ẹ̀yin.