Ẹ Dá A Padà fún Ẹni tí Ó Ni Í

Ẹ̀kọ́ kíkà: Léfítíkù 6:1–7, Ámósì 8:4–7, Lúùkù 19:1–10.



Àkókò Ìkórè ti dé tán. Nínú ìjọ wa gbogbo ni a ti ń pín àpò ìwé fún owó ọpẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò mú wá síwájú Olúwa lọ́dún yìí. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí: owó ta ni ó wà nínú àpò ìwé náà?

Opó kan wà nínú ìjọ wa ní Ìlàjẹ, ní etí ọ̀sà níhà Bàrígà. Ẹja ni ó ń tà. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà mọ bí èéfín ẹja yíyan ti ń gòkè níbẹ̀, àti bí àwọn obìnrin ti ń dúró de ọkọ̀ àwọn apẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún méjì ni ìyá yìí fi dá èsúsú kí ó lè ra fìrísà kan, kí ẹja tí kò bá tà lónìí má baà di ohun ìdànù lọ́la. Nígbà tí owó pé, ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n wí fún un pé tuntun ni, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, fìrísà kò mú nǹkan dì mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹja tí ó kó sínú rẹ̀ ti ń rùn. Ó pe ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni náà sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní, "Màmá, tuntun kọ́ nìyí. Tòkunbọ̀ ni wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n sì lẹ ìwé tuntun mọ́ lára."

Ìyá náà bẹ̀ mí kí n bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì bá a lọ. Ẹni tí ó tà á kò bú wa, kò sì jiyàn pé fìrísà náà bàjẹ́. Ó kàn fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wo ohun tí a kọ síbẹ̀. Owó tí ó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e wá kí a bá yín tún un ṣe, ẹ ó sì san owó iṣẹ́." Ìyá náà dáhùn pé, "Ọmọ mi, owó èsúsú ọdún méjì ni." Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ṣọ́ọ̀bù ni. Bí a ti ń jáde, mo rí kàlẹ́ńdà ìjọ kan lára ògiri rẹ̀. Ọ̀kan nínú tiwa ni. Èyí ni ó dùn mí jù lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ka rìsíìtì náà bí olùkọ́ ti í ka ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ bí ewé, ẹ mọ gbólóhùn náà dáadáa, nítorí lọ́dọ̀ yín ni a ti ń tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé ọjà tí a bá tà ní ipò dídára, a kì í gbà á padà. Ẹ kíyè sí i, ará: ní ipò dídára. Bí ọjà bá dára, kí á má gbà á padà; ó yé wa. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti bàjẹ́ kí a tó tà á ńkọ́? Gbólóhùn náà kò sọ ohunkóhun nípa èyí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ nítorí ohun rere ni ọ̀gbẹ́ni náà nà bo ohun búburú mọ́lẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́ja kò ní dúró kà á.

ÈKÍNÍ: Ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run ni kí ó tó jẹ́ ẹjọ́ níwájú ènìyàn.

Nínú ìwé Léfítíkù orí kẹfà, Olúwa bá Mósè sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó purọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọ̀ràn ohun ìní, tàbí tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Kí Ọlọ́run tó dárúkọ ẹnìkejì náà rárá, ó ti pè é ní ìrékọjá sí Òun tìkára Rẹ̀. Ẹni tí ó gbá opó lójú nínú òwò, Olúwa opó ni ó gbá.

Lẹ́yìn náà ni Ó la ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀. Kí ẹni náà dá ohun tí ó gbà padà ní pípé, kí ó sì fi ìdá-márùn-ún iye rẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá ta fìrísà ní ₦200,000, ìdá-márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦40,000. ₦240,000 ni yóò dá padà. Kí ni ìdá-márùn-ún náà wà fún? Ó wà fún ẹja tí ó rà, fún owó ọkọ̀ tí a fi lọ tí a fi bọ̀, àti fún oorun tí ìyá náà kò sùn. Ọlọ́run mọ̀ pé owó ọjà nìkan kọ́ ni ẹni tí a rẹ́ jẹ ń pàdánù.

Ẹ sì kíyè sí bí Ó ti tò ó. Ìdápadà ni ó ṣáájú, àgbò ẹbọ ni ó tẹ̀ lé e. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ fa àgbò lọ fún àlùfáà, kí ó sì fi owó ẹni ẹlẹ́ni sápò. Olúwa wa pẹ̀lú kọ́ni bẹ́ẹ̀ ní Mátíù orí karùn-ún: bí o bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó fi owó fìrísà opó kún àpò ìwé Ìkórè, kò tíì dúpẹ́. Ẹ̀sùn ni ó gbé wá sórí pẹpẹ.

Wòlíì Ámósì rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìgbà náà kò lè ní sùúrù kí Ọjọ́ Ìsinmi parí. Wọ́n dín òṣùwọ̀n kù, wọ́n fi kún owó, wọ́n sì ń gbá pàǹtí àlìkámà jọ kí wọ́n tà á fún tálákà bí ẹni pé ọkà gidi ni. Kí ni ìyàtọ̀ pàǹtí tí a pè ní ọkà, àti Tòkunbọ̀ tí a kùn lọ́dà tí a pè ní tuntun? Títa Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lò ó tọpẹ́tọpẹ́. Pípè é ní tuntun ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ámósì fi kún un pé Olúwa búra pé Òun kì yóò gbàgbé ọjà náà.

ÈKEJÌ: Ta ni ẹnìkejì mi?

Boyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ìgbà Mósè nìyí, pé òwò ayé ìsinsìnyí ní òfin tirẹ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a bi òfin náà léèrè.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1928, ní ìlú Paisley ní ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ọ̀rẹ́ obìnrin kan tí a ń pè ní May Donoghue ra ohun mímu alátalẹ̀ fún un. Ìgò náà ṣókùnkùn, a kò lè rí inú rẹ̀. Ó mu nínú rẹ̀ kí ó tó rí i tí ìyókù òkú ìgbín kan bọ́ jáde nínú ìgò, ó sì wí pé àìsàn bá òun. Ẹni tí ó ṣe ohun mímu náà ní òun kò bá a dá májẹ̀mú kankan, nítorí kì í ṣe òun ni ó san owó rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìlú Ọba, a sì dá a ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932. Adájọ́ Atkin mú ìbéèrè tí amòfin bi Jésù ní Lúùkù orí kẹwàá, ìbéèrè pé ta ni ẹnìkejì mi, ó sì dáhùn rẹ̀ ní èdè òfin: ẹnìkejì rẹ ni ẹni tí ìwà rẹ yóò kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí o ti rò ó kí o tó ṣe é. Láti inú òwe Ará Samáríà Rere ni òfin ti pọn omi yìí, ilé ẹjọ́ wa náà sì ti mu nínú rẹ̀.

Ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ní 1992 láti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba oníbàárà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Òfin tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, èyí tí à ń pè ní òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ tí a ń pè ní FCCPC sì ni ó ń mú un ṣẹ. Òfin náà wí pé ọjà tí a tà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á, kí ó má ní àbùkù, kí ó sì pẹ́ níwọ̀n bí ó ti yẹ. Ó wí pé bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe, kí a kọ ọ́ síbi tí ojú yóò ti rí i. Bí ó bá sì ní àbùkù, ẹni tí ó rà á lè dá a padà, kí a tún un ṣe fún un, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí a dá owó rẹ̀ padà. Ìlà tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Àjọ náà sì ti wí bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi òfin ṣe àṣejù. Ẹni tí ó so ẹ̀rọ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí kò dára tí ó sì jóná, kí ó má wá purọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rà á. Ẹni tí ó ti lo nǹkan tán tí ọkàn rẹ̀ wá yí padà, kí ó má pe èyí ní àbùkù. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn olùtà náà ni a ó fi wọn olùrà.

Ẹ̀KẸTA: Bí a ti í béèrè ohun tí í ṣe tiwa.

Àwọn ará wa púpọ̀ rò pé dídákẹ́ ni ìwà Kristẹni. Wọ́n a gbé ohun tí ó bàjẹ́ sí igun ilé, wọ́n a ní, "Ọlọ́run yóò dá a." Ṣùgbọ́n ní Mátíù orí kejìdínlógún, Olúwa kò ní kí á dákẹ́, ètò ni Ó fi lélẹ̀.

Kọ́kọ́ lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀, ìwọ àti òun nìkan. Mú rìsíìtì dání, sọ àbùkù náà, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́. Má ṣe bú u. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí ẹni méjì pẹ̀lú rẹ. Kọ lẹ́tà: ọjọ́ tí o rà á, iye tí o san, ohun tí ó ṣe é, àti ọjọ́ tí o ń retí èsì. Fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Bí kò bá gbọ́ ti àwọn wọ̀nyí, sọ ọ́ fún ìjọ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ ará, kí àwọn àgbà ìjọ gbọ́ ọ, nítorí Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn. Bí ìyẹn kò bá sì ṣe é ṣe, àwùjọ ìlú wà: FCCPC wà, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní LASCOPA sì wà. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, tí a là kalẹ̀ láti parí ẹjọ́ láàárín 60 ọjọ́. Ènìyàn lè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pa opó lẹ́nu mọ́. Opó inú Lúùkù orí kejìdínlógún kò dákẹ́ níwájú adájọ́, Jésù kò sì bá a wí.

Ọ̀nà yìí ni a tọ̀. Ìyá náà sọ, mo kọ lẹ́tà, èmi àti àgbà kan láti ìjọ ọ̀gbẹ́ni náà sì lọ bá a. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó dá owó padà ní pípé. Kò fi ìdá-márùn-ún lé e, ẹja tí ó rà kò sì padà. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Olùkọ́, kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi kò ní gbà á padà lọ́wọ́ mi."

Ará, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì gbọdọ̀ káàánú rẹ̀. A rẹ́ òun náà jẹ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti lọ béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe máa gbé ibi láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Sákéù pàápàá ní ọ̀gá. Róòmù ń dúró de owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wí pé kí Róòmù kọ́kọ́ dá tiwọn padà. Ó dìde dúró, ó ní òun yóò fi ìlọ́po mẹ́rin san án fún ẹni tí òun rẹ́ jẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni Jésù wí pé ìgbàlà wọ ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ yẹ ìwé ọjà yín wò kí Ìkórè tó dé. Bí orúkọ ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tí ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ ní owó, ẹ wá a lọ. Ẹ̀yin olùrà, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kà á, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè tiyín pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka rìsíìtì kan fún àwọn ọmọ yín nínú kíláàsì, kí ẹ sì bi wọ́n bí mo ti bi yín: bí ọjà kò bá dára ńkọ́? Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn náà yóò lè kà á fún ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run Olódodo, ìwọ tí o kórìíra òṣùwọ̀n èké, wẹ ọwọ́ wa kí a tó gbé ọrẹ wa wá. Fún olùtà ní ìgboyà láti dá a padà, fún ẹni tí a rẹ́ jẹ ní sùúrù àti ẹnu láti béèrè, kí ìgbàlà kí ó lè wọ ilé wa lọ́dún yìí, nípasẹ̀ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.